Ọwọ́ Ẹni Tó Wà Níta Ni Kọ́kọ́rọ́ Ń Gbé

Àyìndé,

Mi ò tíì kí ọ. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ san ohun tí mo jẹ ọ́ ná.

Tìmùtìmù tí o fi rán dírẹ́bà sí mi dé, èyí tí o ní kí n máa jókòó lé kí n máa dijú. Mo ti san owó ẹrù. Má ṣe jẹ́ kó tún gbà á lọ́wọ́ rẹ nígbà tó bá padà sí Ìlọrin, torí ojú ọkùnrin yẹn le. Gàrí tí mo ṣèlérí fún ọ látìgbà Iléyá nìyí nínú àpò tó bá lẹ́tà yìí wá. Mo jẹ́ kó kan dáadáa bí o ṣe fẹ́ ẹ. Èyí tó kù ló ṣòro fún mi. Lọ́jọ́ Iléyá yẹn, mo pè ọ́ ní ọ̀lẹ lójú àwọn àna rẹ, nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń kun ẹran lọ́wọ́, ìwọ jókòó, ò ń wo ògiri. Ọ̀rọ̀ náà kò yẹ lẹ́nu ìyá lójú àna. Mo tọrọ àforíjì. Dárí jì mí.

Ó parí. Mi ò jẹ ọ́ ní nǹkan kan mọ́. Bí o bá ka lẹ́tà yìí dé ìsàlẹ̀, wàá mọ ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ báyìí.

Ó yá, ṣé dáadáa ni o? Ìlọrin ń kọ́? Iṣẹ́ tuntun ń kọ́? Ìyàwó rẹ ń kọ́?

O ò lè dáhùn èyí tó kẹ́yìn yẹn, nítorí ọ̀dọ̀ mi níbí ló wà.

Ọjọ́ Àtìní ni Ṣẹ̀rífá dé, òun àti àpò kan àti oyún inú ẹ̀. Mò ń ku páki lọ́wọ́ nígbà tó wọlé. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kò wá lè dìde mọ́, èmi ni mo fà á sókè. Mo ní, "Ìyàwó mi, ṣé kò sí?" Ó ní, "Kò sí, Màámi. Mo kàn ní kí n wá kí yín ni." Ẹni tó kàn wá kí èèyàn kì í di aṣọ ọmọ tuntun sínú àpò. Mi ò bi í léèrè mọ́. Mo gbé omi gbígbóná fún un kó fi wẹ̀, mo fún un lóúnjẹ, mo jókòó tì í, mo ń ku páki mi lọ, títí tó fi sọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀.

Ó ní ẹsẹ̀ òun yọ̀ ní balùwẹ̀. Ó ní òun fìdí jókòó sílẹ̀ gbàgà, inú sì ń run òun. Òun rá dé ẹnu ọ̀nà yàrá tí o máa ń ti ara rẹ mọ́ láràárọ̀, òun kanlẹ̀kùn, òun pe orúkọ rẹ. O ò dáhùn. O ti gbé ìdábùú ilẹ̀kùn láti inú. Ó kàn án títí ìyá onílé yín fi gbọ́ nísàlẹ̀, àwọn ni wọ́n wá ọkọ̀ tí wọ́n gbé e dé ọsibítù. Ọlọ́run ló ṣe é, wọ́n ní kò sí ohun tó ṣe ọmọ. Nígbà tí ìwọ máa fi débẹ̀, oòrùn ti mú. Ó bi ọ́ pé ṣé o ò gbọ́ òun ni. O ní o gbọ́.

O gbọ́, Àyìndé.

O ní olùkọ́ yín inú fóònù ló kọ́ yín pé bí èèyàn bá ti dijú, ohùn yòówù tó bá wọlé, kó jẹ́ kó kọjá lọ bí ìkùukùu. Ṣẹ̀rífá ní bí o ṣe sọ ọ́ nìyẹn, pẹ̀lú ohùn tútù, o tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo ti ń wá bí màá ṣe sọ èyí láìbú ọ láti ọjọ́ Àtìní. Aya èèyàn kì í ṣe ìkùukùu.

Àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Tìrẹ tún yàtọ̀. Ìwọ lo dákẹ́, ti ìyàwó rẹ ló fẹ́ẹ̀ bá ọ dákẹ́.

Mo pè ọ́ lórí fóònù, o ti pa á. Mo tún pè ọ́ lọ́jọ́ kejì, o ti pa á. Ọmọ Ìwó, ọmọ Odíderé, ẹyẹ tí kì í panu mọ́, òun ni wọ́n wá ń kọ́ ní ìdákẹ́ ní Ìlọrin. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé bírò. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, o sì mọ̀ pé lẹ́tà kíkọ máa ń dun ọrùn ọwọ́ mi ju páki bíbó lọ. Nítorí náà, kà á tán. Má ṣe dijú sí i.

Jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé kí n tó gbà ọ́ nímọ̀ràn. Ìyá Ṣẹ̀rífá ní Ilé-Ogbó ti gbọ́ pé ọmọ àwọn wà ní Ìwó. Ẹnì kan rí i ní gáréèjì pẹ̀lú ẹrù. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé àwọn ń bọ̀ wá mú un lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun. Bó ti wà lọ́dọ̀ mi yìí, ìyàwó ló wá kí ìyá ọkọ ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí aboyún bá gbé ẹrù wọ ilé bàbá ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ ìyá ọkọ. Àwọn àgbà á jókòó, wọ́n á pe ẹnì kọ̀ọ̀kan, ohun tí ò bá yé ẹnì kan, ẹlòmíràn á fi kún un. Ìdí tí ọmọ yẹn kò fi gba Ilé-Ogbó lọ tààrà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún, ó ṣì bo àṣírí rẹ. Ìyẹn náà, ìmọ́lẹ̀ ni, bí o bá ń wá ìmọ́lẹ̀.

Ó yá, ìmọ̀ràn.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ yẹn gan-an. O kọ ọ́ ránṣẹ́ sórí fóònù mi nígbà kan pé, "Màámi, ìmọ́lẹ̀ ni mò ń fi àṣàrò wá." Mo rẹ́rìn-ín, mi ò dáhùn. Gba èsì. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, tí mò ń bá ìyá mi yan gàrí, obìnrin kan máa ń ti ọ̀nà Kuta wá sí àdúgbò wa. Ó ní ẹni tó bá tẹjú mọ́ iná àtùpà láìṣẹ́jú, tó sì ń pe orúkọ kan tí òun máa kọ́ ọ, ọkàn onítọ̀hún á là, á máa rí ohun tí ojú lásán ò lè rí. Mo gbà á gbọ́. Mo gbé àtùpà ka iwájú nínú àtíbàbà tí a ti ń yan gàrí, mo tẹjú mọ́ ọn, mò ń pe orúkọ. Nígbà tó yá, mo rí ìmọ́lẹ̀ lóòótọ́. Ó pupa, ó ṣe róbótó. Bí mo bá wo ògiri, ó wà níbẹ̀. Bí mo bá gbójú sókè, ó wà níbẹ̀. Mo sáré lọ bá ìyá mi, mo ní, "Ìyá, mo ti ń ríran."

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ò ń ríran? Ṣé o rí gàrí tó ń jóná nínú agbada?"

Kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan. Iná àtùpà ló kù sí mi lójú. A da gàrí yẹn fún adìẹ, adìẹ ò jẹ ẹ́. Láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ tí kò bá jẹ́ kí o rí ohun tó ń jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, ojú ló ń dùn ọ́, ọkàn kọ́ ló là.

Èkejì. Kí o tó dijú, bi ara rẹ pé ta lò ń sá fún. Nígbà tí mo dé ilé bàbá rẹ ní ìyàwó, èmi àti ìyá wọn kò gbọ́ ara wa yé. Mi ò lè bú wọn, a ò bí mi dáa tó bẹ́ẹ̀. Ni mo bá wá tẹ̀sùbáà rà. Bí mo bá ti rí wọn lókèèrè, màá fà á yọ, màá máa ṣẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ètè mi á máa gbọ̀n. Ta ló máa bá ẹni tó ń pe Ọlọ́run jà? Gbogbo agbo ilé ń yìn mí, wọ́n ní ìyàwó yìí fọkàn sìn. Àfi ìyá bàbá rẹ. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ru omi dé láti kànga, mo wà lórí ẹní, tẹ̀sùbáà ń lọ. Wọ́n dá sọ omi náà fúnra wọn, wọ́n jókòó sí ọ̀kánkán mi, wọ́n ní, "Ìyàwó, Ẹni tí ò ń pè yẹn, ṣé Ó ti dáhùn?"

Mo mirí pé rárá.

Wọ́n ní, "Ó dáa. Bó bá dáhùn, bá mi bi Í pé ṣé ìyàwó ilé yìí ni Ó bá sọ̀rọ̀ tàbí ẹlòmíràn. Nítorí èmi ò tíì gbọ́ ohùn ẹ̀ láti ìgbà tó ti dé."

Wọ́n dìde, wọ́n bá iṣẹ́ wọn lọ. Àyìndé, tẹ̀sùbáà yẹn wúwo lọ́wọ́ mi bí irin. Ohun tí mò ń pè ní àdúrà, ìjà ni. Mo lọ bá wọn nídìí ààrò, mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tó ń bí mi nínú fún wọn, wọ́n sì sọ tiwọn. Tiwọn pọ̀ ju tèmi lọ. O mọ bí a ṣe wá jẹ́ sí ara wa títí wọ́n fi kú.

Ṣẹ̀rífá sọ fún mi pé ẹ̀yin méjèèjì ti jà kí yàrá yẹn tó di ibi àṣàrò. Ó fẹ́ wá bímọ ní Ìwó, ìwọ ní Ìlọrin ló máa bí i sí. Ẹ ò tíì parí ẹ̀ dòní. O kàn rí ibì kan tí kò ti lè bá ọ sọ ọ́ mọ́. Mo mọ yàrá yẹn. Mo ti gbé inú ẹ̀ rí, tẹ̀sùbáà ni mo fi ṣe ilẹ̀kùn ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, o mọ ìyá rẹ, kò sí ohun tí mo rí tí mi ò ní bèèrè iye tó jẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí ò ń jẹ láràárọ̀ yìí, ta ló ń sanwó ẹ̀? Bí o bá wà nínú yàrá, ta ló ń pọnmi? Ta ló ń sọ fún àlejò pé o ò tíì jí? Ta ló ń rọra gbálẹ̀ kí ìgbálẹ̀ má baà dí ọ lọ́wọ́? Ta ló ń jẹun nìkan? Kò sí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọ̀fẹ́ nínú ilé tí èèyàn méjì ń gbé. Bí ẹnì kan bá ń jókòó, ẹnì kan ń rìn fún un. Mi ò ní kó má rí bẹ́ẹ̀. Mo ní kí o mọ ẹni tó ń san án, kí o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Olùkọ́ yín inú fóònù yẹn ní kí ẹ máa mí, kí ẹ máa mí. Mo ti ń mí kí wọ́n tó bí i.

Wàá ní mo ti bẹ̀rẹ̀. Wàá ní, Màámi ò mọ ohun tó ń jẹ́ àṣàrò, iṣẹ́ nìkan ni wọ́n mọ̀. Dúró.

Nígbà tí bàbá rẹ kú, o ti tó ọmọ tó ń lọ sílé ìwé, wàá rántí pé mi ò jókòó. Mo rò pé bí mo bá jókòó, ohun tó ṣẹlẹ̀ máa bá mi. Mò ń bó páki, mò ń lọ̀ ọ́, mò ń yan án, mò ń ná ọjà Olúpọ̀nnà, bí mo bá délé, màá tún wá nǹkan mìíràn fọ̀. Ọwọ́ mi ń ṣiṣẹ́, mi ò sì sí níbi tí ọwọ́ mi wà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tẹ ọwọ́ bọ agbada gbígbóná. Àpá tí o máa ń fi ìka tọ̀ ní kékeré, tí ò ń bi mí pé odò wo nìyí, ibẹ̀ ló ti wá. Wọ́n di ọwọ́ náà fún mi, wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ fi ṣe nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, mo jókòó sábẹ́ igi ìṣin iwájú ilé, nítorí pé mi ò rí ohun mìíràn ṣe. Ohun tí mo ti ń sá fún wá jókòó tì mí. Mo sunkún. Nígbà tí mo sunkún tán, mo retí pé nǹkan kan máa ṣẹlẹ̀. Kò sí. Mi ò rí ìmọ́lẹ̀, mi ò gbọ́ ohùn. Adìẹ ń họ ilẹ̀. Ìrì wà lórí koríko. Ó wá yé mi pé bàbá rẹ ti kú, èmi ò kú. Ìyẹn nìkan ló yé mi, ó sì tó mi jẹ di òní. Mo dìde, mo lọ jí ọ fún ilé ìwé, o sì ní, "Màámi, ẹ rẹ́rìn-ín."

Láti ìgbà yẹn ni mo ti máa ń jókòó síbẹ̀ láràárọ̀. O ti bá mi níbẹ̀ rí, o bi mí pé, "Kí lẹ ń wò?" Mo ní mò ń retí ọkọ̀ páki. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Ọkọ̀ páki kì í tètè dé bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, mi ò ní kí o má jókòó. Ẹni tí kò bá jókòó ti ọkàn ara ẹ̀ rí, àlejò ni nílé ara ẹ̀. Inú mi tilẹ̀ dùn pé ò ń wá Ọlọ́run nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń wá ohun tí mi ò lè kọ sínú lẹ́tà. Ṣùgbọ́n lábẹ́ igi ìṣin yẹn, bí o bá wúkọ́ nínú ilé, mo gbọ́, mo sì dìde. Àwọn baba wa ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bí ẹni tó ń sunkún bá ń ríran, ẹni tó ń ṣàṣàrò ńkọ́?

Mi ò rántí iye tí mo kà dé mọ́. Wá wo páki. Bí a bá lọ̀ ọ́ tán, inú àpò là ń dà á sí, àpò á sì jókòó. Kò níṣẹ́ mìíràn ju kó jókòó lọ. Ṣùgbọ́n kì í jókòó lásán, òkúta ńlá là ń gbé lé e lórí. Òkúta yẹn ló ń lé omi oró jáde lára ẹ̀. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dá dúró, mo ní òkúta ti wúwo jù fún mi, mo jẹ́ kí àpò jókòó jẹ́jẹ́ nínú ibòji. Nígbà tí mo tú wọn, òórùn tó jáde lé àwọn oníbàárà mi padà sílé wọn. Jíjókòó kọ́ ló ń sọ páki di gàrí. Ohun tó wà lórí ẹ̀ nígbà tó jókòó ni. Aya, oyún, iṣẹ́, àti ìyá tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, òkúta rẹ nìyẹn. O fẹ́ kí wọ́n gbé gbogbo ẹ̀ kúrò kí o tó jókòó. Rírà lo máa rà, ọmọ mi.

Èyí tó kẹ́yìn ni mo torí ẹ̀ gbé bírò.

O máa ń fi bàbá mi yangàn fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Wọ́n sọ fún mi pé o sọ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ pé àfáà ni bàbá àgbà rẹ, pé wọ́n máa ń wọ kàlúwà, pé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ ni nǹkan yìí ti wá. Òótọ́ ni. Bàbá mi máa ń ti ara wọn mọ́ yàrá fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á máa gbààwẹ̀, wọ́n á máa pe Ọlọ́run, wọn ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi jáde. Ìyẹn lo gbọ́. O ò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wọlé.

Kí wọ́n tó wọ kàlúwà, wọ́n á kọ́kọ́ jáde. Wọ́n á lọ bá ẹni tí wọ́n jẹ ní nǹkan, wọ́n á san án. Wọ́n á lọ bá ẹni tí wọ́n sọ̀rọ̀ sí, wọ́n á tọrọ àforíjì. Bí wọ́n bá dé, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ààrò ìyá mi, tàwọn ti irùngbọ̀n funfun wọn, wọ́n á ní, "Ìyá Ràbí, mo fẹ́ wọlé o. Ṣé o yọ̀ǹda?"

Ìyá mi kì í yára dáhùn. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ní, "Mi ò yọ̀ǹda o. Òrùlé ń jò." Àfáà tí wọ́n ń torí àdúrà ẹ̀ ti Ìbàdàn wá, wọ́n gba inú ilé lọ gbé àkàsọ̀, wọ́n gun òrùlé. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún wá bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀. Ìyá mi ní, "Ẹ máa wọlé nísinsìnyí. Ẹ bá wa bẹ Ọlọ́run."

Wàyí o, gbọ́ èyí dáadáa. Ilẹ̀kùn yàrá yẹn kò ní ìdábùú nínú. Bàbá mi ti yọ ọ́. Ìta ni ìyá mi ti ń tì í, pẹ̀lú àgádágodo, wọ́n á sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró wọn. Mi ò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé àfáà mìíràn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Ní kékeré, mo rò pé wọ́n fi bàbá mi sẹ́wọ̀n ni. Mo bi ìyá mi pé kí ló dé tí kọ́kọ́rọ́ Bàbá fi ń gbé ọwọ́ yín. Wọ́n ní, "Nítorí pé ọkùnrin tó bá ń sún mọ́ Ọlọ́run lè gbàgbé pé òun láya."

Lọ́dún kan, bàbá mi wà nínú kàlúwà, ibà gbé mi dè. Ara mi gbóná débi pé mò ń sọ ìsọkúsọ. Ìyá mi ò kanlẹ̀kùn. Wọ́n tú etí ìró, wọ́n ṣí i, wọ́n ní, "Àfáà, ọmọ." Bàbá mi dìde lórí ẹní, wọ́n gbé mi pọ̀, wọ́n gbé mi dé ọsibítù lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn tí ara mi yá, ọ̀kan nínú àwọn àfáà ẹgbẹ́ wọn wá kẹ́dùn pé kàlúwà bàjẹ́, ọjọ́ ò pé. Mo wà lórí ẹní, mo gbọ́ èsì bàbá mi. Wọ́n ní, "Kò bàjẹ́. Ìgbà tí ilẹ̀kùn ṣí ló gbà."

Ṣé o rí ibi tí o ti ṣì í? O kó àṣàrò wọn, o kó ilẹ̀kùn wọn, o wá gbé ìdábùú sí apá ibi tí kò yẹ.

Mo bi ìyàwó rẹ lánàá, bó ṣe ń bá mi tẹ́ gàrí sóòrùn. Mo ní, "Ṣé kí n sọ fún un pé kó má dijú mọ́ láéláé ni?" Ó ní, "Rárá, Màámi. Kó máa dijú ẹ̀. Kó sáà máa gbọ́ mi." Mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ní gàrí ló ta sí mi lójú.

Mi ò ní bá ọ bẹ̀ ẹ́. Mi ò sì ní pa irọ́ kankan fún ìyá ẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ohun tí wàá ṣe nìyí. Yọ ìdábùú yẹn. Lẹ́yìn náà, máa bọ̀ ní Ìwó, kí o bẹ̀rẹ̀ níwájú aya rẹ bí bàbá mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nídìí ààrò. Ohun tí o jẹ ẹ́ ni kí o kọ́kọ́ san, bí mo ṣe san tìrẹ lókè lẹ́tà yìí kí n tó kí ọ. Bó bá tán, ẹ wá sọ̀rọ̀ ibi tí ó ti máa bímọ. Bó bá ní òun ò yọ̀ǹda, gun òrùlé lọ, kí o tún padà wá.

Tọwọ́ bọ inú gàrí yẹn dé ìsàlẹ̀. Àgádágodo bàbá mi wà níbẹ̀, mo ti fi epo pa á kó má dógùn-ún. Má wá kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ nínú àpò. Etí ìró ìyàwó rẹ ni mo so ó mọ́.

Mi ò fẹ́ lẹ́tà, mi ò fẹ́ fóònù. Ẹsẹ̀ rẹ lẹ́nu ọ̀nà ni èsì tí mò ń retí, Àyìndé mi, ọmọ tó fi ìka tọ odò lára ọwọ́ mi.

Èmi ìyá rẹ, Ràbíátù, ti jókòó sábẹ́ igi ìṣin. Ọjọ́ Àlàrùba ni, kí oòrùn tó wọ̀.